Kuatẹ́ẹ̀tì Nílé Ìgbọ́kọ̀sí: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Orin Yàrá Níbi Tí Ẹnikẹ́ni Ò Fọkàn Sí

Kí ni orin yàrá gan-an?

Orin tí ènìyàn bíi méjì sí mẹ́sàn-án ń ṣe pọ̀ láìsí adarí níwájú wọn, tí olúkúlùkù sì ní ìlà nótì tirẹ̀ tí kò bá ẹnì kankan pín. Nínú ọ̀kẹ́sítrà ńlá, fayolíìnì kìn-ín-ní lè tó 16, fayolíìnì kejì 14, fiólà (tó tóbi ju fayolíìnì lọ díẹ̀) 12, ṣẹ́lò (tí a ń gbé sáàárín orúnkún) 10, béèsì ńlá 8. Ènìyàn mẹ́rìndínlógún ló ń ta ohùn kan náà níbẹ̀. Kuatẹ́ẹ̀tì olókùn, ìyẹn ẹgbẹ́ olórin mẹ́rin, kò ju fayolíìnì méjì, fiólà kan àti ṣẹ́lò kan lọ. Bí onífiólà bá ṣi nótì kan, kò sẹ́ni tó máa bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹni tó bá ti rí gòjé nínú ẹgbẹ́ sákárà ti rí ìbátan fayolíìnì. Okùn kan ni gòjé ní, fayolíìnì ní mẹ́rin, ṣùgbọ́n irun ẹṣin ni a fi ń fa àwọn méjèèjì.

Ta ló kọ́kọ́ ronú pé kí wọ́n gbé irú orin yìí lọ sí ilé ìgbọ́kọ̀sí tàbí ilé ọtí?

Gbọ̀ngàn orin gan-an ló dé lẹ́yìn. Ní 1678, Thomas Britton, ẹni tó ń ta èédú káàkiri ìgboro Lọ́ńdọ̀nù, bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn olórin wá sí yàrá tó wà lókè ibi tó ń kó èédú sí ní Clerkenwell, wọn ò sì dáwọ́ dúró títí ó fi kú ní 1714. Ní Leipzig, láti 1729, ilé kọfí Zimmermann ni Bach ti ń darí ẹgbẹ́ olórin rẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Keje 1717, orí odò Thames ni orin omi tí Handel kọ ti kọ́kọ́ dún, olórin bí àádọ́ta nínú ọkọ̀ ojú omi kan. Ní oṣù Kiní 1941, inú àgọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun ní Görlitz ni Messiaen ti kọ́kọ́ gbé kuatẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lórí òpin àkókò jáde, nínú òtútù, pẹ̀lú dùùrù tí kò péye. Gbọ̀ngàn Wigmore Hall ní Lọ́ńdọ̀nù, tí gbogbo ayé ń fi ṣe àwòkọ́ṣe fún orin yàrá, ọdún 1901 ni wọ́n ṣí i.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé ẹ ń ba orin náà jẹ́ tí ẹ bá gbé e kúrò ní gbọ̀ngàn, ẹ bi í léèrè ibi tí Bach ti ń mu kọfí.

Àpẹẹrẹ wo ló súnmọ́ wa jù lónìí?

Peckham, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn Yorùbá tó wà nílùú náà mọ Rye Lane bí ẹni mọ ojúlé bàbá rẹ̀: iṣu, ẹ̀lùbọ́, ṣàkì, gèlè, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù náà, nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin Peckham Rye, ni ilé ìgbọ́kọ̀sí alájà púpọ̀ kan wà. Láti 2007 ni àjọ Bold Tendencies ti ń lo àwọn àjà òkè rẹ̀ fún iṣẹ́ ọnà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní 2011, Kate Whitley, tó ń kọ orin, àti Christopher Stark, tó ń darí, dá Multi-Story Orchestra sílẹ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ Stravinsky tó gba odindi ọ̀kẹ́sítrà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án 2016, àjọ̀dún Proms ti BBC fúnra rẹ̀ gun òkè náà wá, wọ́n sì ṣe orin Steve Reich láàárín àwọn òpó kọnkéré.

Irú rẹ̀ pọ̀. Láti 2006 ni Orchestra of the Age of Enlightenment ti ní ètò alẹ́ tí wọ́n ń pè ní Night Shift, èyí tó gbé wọn wọ àwọn ilé ọtí Lọ́ńdọ̀nù. Ní Brooklyn, Olga Bloom, tó jẹ́ onífayolíìnì, sọ bájì àtijọ́ kan, ọkọ̀ ojú omi tó ń kó kọfí, di gbọ̀ngàn orin tí wọ́n ń pè ní Bargemusic ní 1977. Abẹ́ afárá Brooklyn ni wọ́n so ó mọ́, kò sì yé mì lábẹ́ àwọn olórin.

Kí ló ń mú olórin ọ̀kẹ́sítrà, tó ti ní iṣẹ́ àti owó oṣù, wá sí irú ibẹ̀?

Etí rẹ̀ ni. Ẹni tó jókòó sí ìlà karùn-ún fayolíìnì kejì lè lo ọdún mẹ́wàá kó má gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nìkan níwájú èrò. Kuatẹ́ẹ̀tì ń dá a padà sí ẹnu iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ó ń kó ìwà ọ̀kẹ́sítrà kan wá tí a ní láti tètè bá a yọ. Nínú ọ̀kẹ́sítrà, ohùn kì í jáde gẹ́lẹ́ tí ọ̀pá adarí bá sọ̀kalẹ̀, díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni. Ẹni tí èyí ti mọ́ lára á máa dúró de ẹlòmíràn. Nígbà tí mẹ́rin bá ń dúró de ara wọn, orin á máa fà, títí tí ìlù rẹ̀ á fi sọnù. Oògùn rẹ̀ ni èémí. Ẹni tó ń ṣáájú á fa èémí sí imú, kí wọ́n gbọ́ ọ, bí orin náà ṣe máa yára sí ni kí èémí náà yára sí. Ẹ fi ìgbà ìfidánrawò àkọ́kọ́ ṣe ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ẹsẹ (ìpín ńlá inú orin) kọ̀ọ̀kan nìkan. Ara wọn á kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Báwo la ṣe ń mọ̀ bóyá ibì kan dára fún orin?

Ẹ pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kó le, ẹ sì dákẹ́. Ohun mẹ́ta lẹ lè gbọ́.

Bí ìró náà bá kú lójú ẹsẹ̀, bíi ti yàrá tó kún fún àga tìmùtìmù àti kọ́tínì, ibẹ̀ ti gbẹ jù. Gbogbo àṣìṣe á hàn, fayolíìnì á sì máa dún bí ìgbà tí a ń họ ìkòkò. Bí ìró náà bá pẹ́ bíi ìṣẹ́jú-àáyá kan àti díẹ̀ kó tó parẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó dára, láti 1.2 sí 1.7 ni orin yàrá fẹ́ràn. Ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta lè kọjá ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin, orin tó bá yára níbẹ̀ á dọ̀bẹ̀ aládàlú.

Ẹ̀kẹta ni ti ilé ìgbọ́kọ̀sí: tàtàtàtàtà. Orí àjà àti ilẹ̀, tí àwọn méjèèjì jẹ́ kọnkéré tó kọjú síra wọn, ń ju ìró náà sọ́wọ́ ara wọn. Ẹ má gbé olórin sí àárín gbùngbùn irú ibẹ̀. Ẹ gbé wọn súnmọ́ ògiri kan, kí wọ́n kẹ̀yìn sí i, kó kù bíi mítà kan tàbí méjì láàárín wọn, kí ẹ sì yí wọn díẹ̀ kí wọ́n má baà dojú kọ ògiri kejì tààrà. Ara èèyàn àti ẹ̀wù òtútù á gba púpọ̀ nínú ìró náà nígbà tí èrò bá dé, nítorí náà kí ìró pọ̀ jù díẹ̀ nígbà tí kò tíì sí ẹnikẹ́ni kì í ṣe àbùkù.

Ilé ìgbọ́kọ̀sí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ní ìṣòro mìíràn: ohùn ń sá lọ. Ní gbangba, ohùn ń dín ní dẹ̀síbẹ̀lì mẹ́fà nígbàkígbà tí ẹ bá sọ jíjìn di ìlọ́po méjì. Ẹni tó jókòó ní mítà 16 ń gbọ́ dẹ̀síbẹ̀lì 12 sí ìsàlẹ̀ ohun tí ẹni tó wà ní mítà mẹ́rin ń gbọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń to àga yí olórin ká ní apá mẹ́ta, dípò ìlà gígùn méjìlá bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì.

Èèyàn mélòó ni kí a gbà?

Fún kuatẹ́ẹ̀tì láìsí máìkì: 60 nínú ilé ọtí, 100 sí 150 níbi tó ń dún dáadáa. Ìlà àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ jìnnà ju mítà méjì lọ. Ó máa ń ya èèyàn lẹ́nu nígbà àkọ́kọ́: irun ọrun fayolíìnì tó já ń fò nínú ìmọ́lẹ̀, eruku funfun láti ara ọ̀dá gbígbẹ tí wọ́n fi ń pa á ń bà sára igi lábẹ́ okùn, èémí oníṣẹ́lò ń jáde bíi ti ẹni tó ń gbé àpò sìmẹ́ǹtì. Kò sí bí ẹ ṣe lè rí èyí láti àjà kejì gbọ̀ngàn kankan.

Kí ni kí a kó wá?

Fún olórin mẹ́rin, àyè tó fẹ̀ ní mítà mẹ́ta sí mẹ́ta. Àga mẹ́rin tí kò ní apá, tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, gíga rẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà 45 sí 48. Àga onírọ́bà tó ń tẹ̀ sẹ́yìn kò dára, nítorí oníṣẹ́lò á máa yọ̀ wọ inú rẹ̀, ẹ̀yìn á sì máa dùn ún kó tó di ẹsẹ kejì. Sítáǹdì ìwé mẹ́rin, èyí tó wúwo ni o. Èyí tó ń ká bí agboòrùn, atẹ́gùn á gbé e ṣubú ní àjà kẹwàá. Bó bá jẹ́ òun nìkan lẹ ní, ẹ so àpò iyanrìn kílò méjì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Pẹ́ẹ̀gì aṣọ mẹ́rin fún sítáǹdì kọ̀ọ̀kan, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì, àti ike fẹ́lẹ́ tó mọ́ gaara láti fi bo ìwé. Kí wọ́n fi ìfidánrawò kọ́ bí wọ́n ṣe máa ṣí ìwé pẹ̀lú pẹ́ẹ̀gì. Ẹni tí kò bá kọ́ ọ tẹ́lẹ̀ á pàdánù ìlà méjì. Tábúlẹ́ẹ̀tì àti pẹ́dàlì ẹsẹ̀ ti yanjú èyí fún ọ̀pọ̀lọpọ̀, àfi kí òòrùn ìrọ̀lẹ́ má ràn sójú rẹ̀. Fìtílà kékeré tó ń gba iná sára, ọ̀kan fún sítáǹdì kọ̀ọ̀kan, àti ọ̀kan ní ìpamọ́. Ẹ tàn wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má dúró de ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú, nítorí kò sẹ́ni tó lọ́wọ́ láti tan iná láàárín orin.

Kí ló dé tí oníṣẹ́lò fi ń sáré kiri wá pákó?

Irin ṣóṣóró kan wà lábẹ́ ṣẹ́lò tó ń gún ilẹ̀. Lórí kọnkéré dídán tàbí táìlì, á yọ̀, ohun èlò tó lè níye lórí ju ilé lọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ bá èrò. Okùn awọ tó kọ́ mọ́ ẹsẹ̀ àga iwájú ń mú un dúró. Ṣùgbọ́n pákó plywood tó nípọn tó mílímítà 18, mítà kan àti ààbọ̀ níbùú lóròó, dára jù: ó ń di irin náà mú, ó sì ń bá ṣẹ́lò dún, tí ohùn ìsàlẹ̀ fi ń kún sí i. Kápẹ́ẹ̀tì ń ṣe òdì kejì rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì nítorí òtútù ẹsẹ̀, kó mọ sí abẹ́ àwọn olórin, ẹ fi ilẹ̀ tó wà láàárín wọn àti èrò sílẹ̀ lásán.

Òtútù àti ooru ńkọ́?

Èyí ló ń ba ètò jẹ́ jù, òun náà ni àwọn tó ń gbé ètò kalẹ̀ kì í kà sí. Ohun èlò olókùn ń fẹ́ láti nǹkan bíi 18 sí 24 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ̀sì, àti ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ tó wà láàárín ìdá 40 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá ti lọ sí ìsàlẹ̀ 15, ìka á le. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, igi á sún kì, èèkàn tó ń fa okùn á máa yọ̀, ojú ibi tí wọ́n fi gíláùù lẹ̀ pọ̀ lè là.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí fèrè bá wà láàárín okùn. Bí ooru bá pọ̀, afẹ́fẹ́ inú klarinẹ́ẹ̀tì á gbóná, ohùn rẹ̀ á ga sókè. Nínú ooru yẹn kan náà, okùn fayolíìnì ń dẹ̀, tirẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Wọ́n ń sá fún ara wọn. Ìyàtọ̀ ìwọ̀n mẹ́wàá Sẹ́lísíọ̀sì tó láti ti ohùn fèrè kúrò ní àyè rẹ̀ ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìgbésẹ̀ kékeré tó wà láàárín kọ́kọ́rọ́ dùùrù funfun àti dúdú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èémí afọnfèrè ń dín in kù díẹ̀. Ta ni kó tẹ̀lé ta? Àwọn olókùn ni, torí okùn ṣeé fà ju igi lọ. Kí wọ́n gba nótì A, èyí tí gbogbo wọn fi ń tún ohùn ṣe, lẹ́nu klarinẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tó bá ti fọn ún fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Klarinẹ́ẹ̀tì tútù á tàn wọ́n jẹ.

Okùn tí a fi ìfun ẹran ṣe, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe orin ayé Bach ń lò, ló tún burú jù. Nínú ilé ọtí tí èrò kún, èémí àti òógùn á sọ afẹ́fẹ́ di ọ̀rinrin láàárín ìṣẹ́jú 20, okùn náà á sì yí ohùn padà. Bí wọ́n bá dúró láti tún un ṣe láàárín ẹsẹ orin, ẹ má bínú sí wọn.

Ẹ yọ ohun èlò jáde nínú àpótí rẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti máa lò ó, ó kéré tán ìṣẹ́jú 20 sí 30 kí wọ́n tó tún ohùn rẹ̀ ṣe. Ẹ má sì tan híità onígáàsì sí ẹ̀gbẹ́ kan olórin: apá kan fiólà á gbóná, apá kejì á tutù.

Ariwo wo ló yẹ kí a bẹ̀rù?

Kì í ṣe èyí tí ẹ rò. Ọkọ̀ ojú irin tó ń kọjá ní Peckham ń gbọn ilẹ̀, ó ń lọ, èrò á rẹ́rìn-ín, orin á sì máa bọ̀. Ọmọ tó sunkún ní ìyá tó máa gbé e jáde. Fíríìjì ni ọ̀tá. Fíríìjì, ẹ̀rọ yìnyín, ẹ̀rọ tó ń fọ ife, fáànù ilé ìdáná: ohùn ìsàlẹ̀ kan náà ni wọ́n ń pa láìdákẹ́, ó ń jẹ ohùn ṣẹ́lò, etí èrò á rẹ̀ láìmọ ohun tó rẹ̀ ẹ́.

Ẹ bẹ ẹni tó ni ilé kó pa wọ́n fún wákàtí kan. Fíríìjì tí a kò ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ní bàjẹ́ láàárín wákàtí kan. Àmọ́ ẹni tó pa á sábà máa ń gbàgbé láti tan án, ọ̀la ni ẹran á rà. Ọgbọ́n tí àwọn tó ń gba ohùn sílẹ̀ fún fíìmù ń dá nìyí: ẹ ju kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yín sínú fíríìjì náà. Ẹ ò ní lè lọlé láìṣí i.

Kí ẹni tó ń ta ọtí dáwọ́ dúró nígbà tí orin bá ń lọ, tàbí kó ta sínú ife ike. Yìnyín nínú ife gíláàsì ń dún ju fayolíìnì tó rọ̀ lọ.

Ṣé kí a lo máìkì?

Rárá, bí èrò kò bá kọjá 150. Máìkì ń gbé fíríìjì náà sókè pẹ̀lú. Ẹ lò ó fún ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láàárín orin nìkan.

Orin wo ló yẹ ibẹ̀?

Ìṣẹ́jú 50 sí 60 ni gbogbo ètò, láìsí ìsinmi láàárín, nítorí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kì í tó, òtútù sì ń bọ̀ bí ilẹ̀ bá ṣú. Octet (orin fún olórin mẹ́jọ) ti Schubert, tó kọ ní 1824, gba nǹkan bí wákàtí kan fúnra rẹ̀, ó sì ní klarinẹ́ẹ̀tì, họ́ọ̀nù àti basúnù tó ń ràn án lọ́wọ́ láti kún ibi gbangba. Octet ti Mendelssohn, tó kọ ní 1825 nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 16, lágbára níbikíbi, olókùn mẹ́jọ. Orin tó rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò ní là á já lókè ilé ìgbọ́kọ̀sí.

Samuel Coleridge-Taylor yẹ kó wà níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Sàró, Croydon ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ló dàgbà sí. Ní 1895, nígbà tó ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́, ó kọ quintet kan fún klarinẹ́ẹ̀tì àti okùn mẹ́rin, iṣẹ́ tó mọ́ bí omi òwúrọ̀. Nínú àwọn tiwa, Akin Euba kọ kuatẹ́ẹ̀tì olókùn kan ní 1957. *African Suite* ti Fela Sowande, ti 1944, gba ọ̀wọ́ olókùn tó pọ̀ ju mẹ́rin lọ, nítorí náà ẹ má ṣe ìlérí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni pẹ̀lú kuatẹ́ẹ̀tì lásán.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀tọ́ àdàkọ. Ní Bìrìtéènì, ó ń parí ní ọdún 70 lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ orin. Coleridge-Taylor kú ní 1912, ó ti di ti gbogbo èèyàn. Sowande kú ní 1987, nítorí náà ẹ ní láti gba àṣẹ.

Ṣé a nílò láísẹ́ǹsì ní Ẹ́ńgílándì?

Fún orin tí kò ní ẹ̀rọ amóhùngbòòrò, láàárín aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mọ́kànlá alẹ́, rárá. Òfin Live Music Act ti 2012 ti yọ ọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń yí padà ni ọtí. Bí ẹ bá fẹ́ ta ọtí níbi tí kò ní láísẹ́ǹsì, ẹ fi ìwé Temporary Event Notice ránṣẹ́ sí káńsù, £21, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá gbáko ṣáájú. Èrò kò gbọdọ̀ ju 499 lọ, ẹ ka olórin àti òṣìṣẹ́ mọ́ ọn. Àǹfààní ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún sí mẹ́sàn-án wà fún ẹni tó pẹ́, ṣùgbọ́n bí ọlọ́pàá tàbí ẹ̀ka tó ń rí sí ariwo bá takò ó, ètò ti parí nìyẹn.

Ẹ fi ọ̀nà àbájáde sílẹ̀. Àpótí ṣẹ́lò la sábà máa ń bá níbẹ̀.

Ṣé èèyàn lè pàtẹ́wọ́ láàárín ẹsẹ orin kan àti èkejì?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ má fi ìkìlọ̀ nípa rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò, ó ń lé èèyàn.

Ṣé a lè náwó fún wọn?

Inú wọn á dùn. Ṣùgbọ́n ẹ má lẹ owó mọ́ iwájú orí onífayolíìnì: ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló dí, àgbọ̀n rẹ̀ gan-an wà lẹ́nu iṣẹ́, owó náà á sì bọ́ sórí ìwé nótì. Ẹ gbé igbá kan sí iwájú, ẹ sì jẹ́ kó di ìparí. Ẹ pín in ní dọ́gba. Nínú kuatẹ́ẹ̀tì, onífayolíìnì kìn-ín-ní kì í gba ju onífiólà lọ.

Ó ṣeé ṣe l'Ékòó?

Ó ṣeé ṣe. Gbọ̀ngàn MUSON wà ní Onikan fún ẹni tó fẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù. Freedom Park ní Broad Street, tó jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n nígbà kan, tí wọ́n ṣí fún aráàlú ní 2010, ní ògiri tó ṣeé kẹ̀yìn sí. Ìṣòro yàtọ̀, ojútùú yàtọ̀. Ní àsìkò òjò, ọ̀rinrin ń mú èèkàn wú, á dì, ẹni tó bá fi agbára yí i lè já okùn. Nígbà ọyẹ́, á yọ̀; ẹfun tí wọ́n fi ń kọ̀wé sójú pátákó ń mú un dúró díẹ̀. Ẹ má fi ṣẹ́lò sílẹ̀ nínú búùtù ọkọ̀ ní ọ̀sán, nítorí gíláùù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ ń rọ̀ nínú ooru.

Jẹnẹrétọ̀ ni fíríìjì ti Èkó. Ẹ fi ínfátà gbé iná fìtílà fún wákàtí yẹn, kí ẹ sì bá aládùúgbò tí tirẹ̀ ń dún sọ̀rọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà, pẹ̀lú owó epo lọ́wọ́. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́ kí ẹ tó lọ bá a, ó ti tan tirẹ̀.